Bíárìn tó mú mi gbé ọkọ̀ pamọ́ fún oṣù mẹ́jọ

Ọjọ́ tí mo wa Boxster mi, ọkọ̀ Porsche ti ọdún 2002, láti Èkó dé Adó-Èkìtì, ayọ̀ ò jẹ́ kí n sùn. Ọjọ́ kẹta ni mo kà nípa bíárìn IMS, èyí tó ń ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ bó bá fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo fi tapólì bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ nílé, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ yẹn, èyí ló dùn mí jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá irú rẹ̀ rà gbọ́.

Nínú ẹ́ńjìnnì Porsche tó ń lo omi láti tutù, èyí tó bá Boxster dé ní 1996, ṣáfútì kan wà láàárín tí wọ́n ń pè ní IMS. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ crankshaft tí písítìn ń yí, ó sì ń fi ṣéènì gbé e fún àwọn camshaft tó ń ṣí fáàfù. Bíárìn kan ló gbé ẹ̀yìn ṣáfútì náà dúró, lápá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gírísì mọ́ inú bíárìn yìí. Bó bá pẹ́, rọ́bà tí wọ́n fi dí i á gbó, gírísì á ṣàn lọ, ọ́ìlì ò sì ní rí ọ̀nà wọlé bó ṣe yẹ. Bó bá wá fọ́, ṣéènì á yẹ̀, písítìn á lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fọ́. Bíárìn ti 2006 sí 2008 tóbi, ó sì lágbára jù, ṣùgbọ́n kò ṣeé yọ láìla ẹ́ńjìnnì sí méjì. Láti 2009, wọ́n yọ ṣáfútì náà kúrò pátápátá. Ti 911 Turbo àti GT3, àwọn Porsche mìíràn ayé ìgbà yẹn, kò ní ìṣòro yìí, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkẹ́rẹ́ ní irú ọkọ̀ yìí, òun ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Mo rò pé kò bìkítà ni. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé kì í jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá 5,000 kìlómítà, kì í sì í tẹ̀ ẹ́ lágbára kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa. Dókítà kan ní Adó ní tirẹ̀ ti pààrọ̀ bíárìn kó tó gba nọ́ḿbà ọkọ̀. Owó ńlá ló ná, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹnì kẹta sọ fún mi lójú ara mi pé òun fẹ́ tà á kó tó fọ́, òun ò sì ní sọ fún ẹni tó bá rà á. Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Olùkọ́ tó fi owó àjẹṣẹ́kù ra ọkọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ló fà mí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. Bátìrì ti kú, a fi wáyà ṣáná sí i ni. Bàbá náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú fílítà, ó fi réésà gé bébà inú rẹ̀, ó sì fún un sínú abọ́ funfun. Ó gbé e sí oòrùn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé mágínẹ́ẹ̀tì tó yọ lára sípíkà àtijọ́, ó tì í bọ inú abọ́, ó fà á jáde. Kò sí irin kan lára rẹ̀, kò sì sí rọ́bà dúdú tó já nínú abọ́ náà. Ó wá fi ìka méjì ra ọ́ìlì mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. "Ọ̀gá, ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ báyìí, omi ti ń kóra jọ sínú ọ́ìlì ẹ̀. Ẹ máa wà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, ẹ máa gé fílítà yẹn wò nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ má kàn sọ ọ́ nù. Ẹ máa wo ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè rìsíìtì iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe.

Ní ọdún kejì, a ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n láti Ìtáwúrè, ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò rọ́wọ́ mú. Clutch ti jẹ tán. Nígbà tó jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì máa sọ̀ kalẹ̀ dandan, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ bíárìn pọ̀ mọ́ ọn, torí iṣẹ́ títú yẹn ló ń jẹ owó jù. Wọ́n fi èyí tí wọ́n yọ lé mi lọ́wọ́. Mo fi ìka yí i, ó ń yí geere, kò mì rárá. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì dúdú ló kún inú rẹ̀, gírísì ti tán.

Ó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ náà títí di òní, mo fi rìsíìtì wé e. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan ló ni méjèèjì.