Omi ni kẹ́ ẹ máa bi, ẹ má bi kàlẹ́ńdà

Ẹ̀yin àbúrò mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe IT lọ́dọ̀ àwọn tó ń mú èèyàn lọ wo ẹranko, ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu lórí WhatsApp pé oṣù wo ló dáa jù láti lọ sí páàkì Ọ̀yọ́-Ilé, mo sì ti ń sá fún ìbéèrè yẹn torí ìdáhùn ẹ̀ gùn, ó sì ní ìtìjú díẹ̀ nínú fún èmi alára. Ó yá, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà, ọ̀gá wa ní kí n wá ìgbà tá a máa kó àwọn ọmọ iléèwé kan lọ sí Old Oyo National Park. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ìwé kún orí mi fọ́fọ́, kí ni mo ṣe? Mo wo kàlẹ́ńdà. Mo rí i pé àwọn ọmọ wà ní họ́lídé nínú oṣù kẹjọ, mo tún rántí pé n'Íbàdàn níbí òjò máa ń dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ, August break tá a máa ń sọ yẹn, mo bá ní ó ti parí, kí wọ́n lọ gba bọ́ọ̀sì.

A gbéra ní Òjóò láàárọ̀ kùtù, àwọn ọmọ ń kọrin, a gba Mónìyà, a gba Ìsẹ́yìn, oòrùn ń ràn, inú mi ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. A ò tíì wọnú páàkì dáadáa tí táyà fi rì. Òjò tó rọ̀ lóru ti sọ ọ̀nà di ẹ̀bà. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, èmi àti dírẹ́bà àti tíṣà méjì, a tì í títí ẹrẹ̀ fi dé etí mi. Nígbà tá a jàjà wọlé, koríko ga ju fèrèsé bọ́ọ̀sì lọ, ọ̀tún koríko, òsì koríko. Ohun tá a rí títí di ìrọ̀lẹ́ ò ju ìjímèrè mélòó kan lọ, àti ẹtu kan tó sá kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ọmọ kan bi mí pé, "Uncle, ṣé wọ́n ti ta àwọn tó kù ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọn ì bá kúkú lọ wo súù Yunifásítì Ìbàdàn, wọn ì bá rí kìnnìún.

Réńjà àgbà kan tó wà pẹ̀lú wa ló sọ̀rọ̀ tí mi ò tíì gbàgbé di òní. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ rò pé ká yà sí, ó ní: "Ẹran tó ní omi lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, kí ló fẹ́ wá ṣe lójú títì?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà o. Ọ̀dàn ni ibẹ̀ yẹn, kì í ṣe igbó kìjikìji. Tí òjò bá ń rọ̀, gbogbo kòtò ni omi, gbogbo ilẹ̀ ni koríko tútù, ẹran ò nídìí láti wá ibì kankan lọ, ó kàn máa jókòó sínú koríko tó ga jù ú lọ ni, á máa wò yín, ẹ ò ní rí i. Tó bá wá di nǹkan bí oṣù kọkànlá òjò á dá, àwọn réńjà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná sun koríko níwọ̀nba nígbà tí kò tíì gbẹ tán, kí iná ńlá má bàa jó gbogbo igbó nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ẹ má rò pé ìyẹn ń ba nǹkan jẹ́. Ibi tí wọ́n sun yẹn, koríko tuntun á yọ níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà àgbọ̀nrín á sì wá jẹ ẹ́ ní gbangba. Tó bá di oṣù kìíní sí ìkejì àwọn odò kéékèèké á ti gbẹ, odò Ògùn fúnra ẹ̀ (odò Ògùn kan náà tó gba Abẹ́òkúta kọjá yẹn) á já sí adágún adágún láwọn ibì kan, ẹran tó bá máa mumi, ẹfọ̀n o, ìnàkí o, dandan ni kó wá síbẹ̀. Ìwọ tó o ti jókòó ní tìẹ láti aago mẹ́fà àárọ̀ lo máa rí i. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni o, lọ́sàn-án gbogbo wọn á ti wà lábẹ́ igi.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Yankari, igbó ẹranko tó wà ní Bauchi lọ́hùn-ún. Odò Gàjì nìkan ni kì í gbẹ níbẹ̀, torí náà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọra, etí odò yẹn làwọn erin ń fà sí. Ẹ wò ó, àwọn kọ́sítọ́mà wa máa ń fẹ́ lọ ní Kérésì torí ìgbà yẹn ni wọ́n ráyè, mi ò bá wọn jà, àmọ́ mo máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé omi ṣì máa wà nínú igbó káàkiri lóṣù kejìlá, wọ́n lè máà rí erin rárá, pé kí wọ́n fi sùúrù dúró di oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ooru á mú wọn o, ìyẹn ò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì yarí pé àfi ìgbà ọyẹ́, mo máa ń sọ fún un pé omi Wikki, ìsun omi tó wà nínú Yankari yẹn, lọ́wọ́ọ́wọ́ tọ̀sán tòru, nǹkan bíi 31°C ni látọdún dọ́dún, kò sí ìgbà tó dùn-ún wẹ̀ tó àárọ̀ ọyẹ́. Àmọ́ kó má retí fọ́tò tó mọ́ roro, eruku ọyẹ́ á bo gbogbo ẹ̀. Kó má sì wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì yẹn, ó sì ń ta èèyàn gan-an!

Ohun mìíràn tó pẹ́ kó tó yé mi ni pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń wá ẹran. Mo ti mú àwọn kan lọ rí, àwokù odi Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n fẹ́ fojú rí, ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sun koríko tán ló dáa fún irú wọn, torí lásìkò òjò ẹ lè dúró lórí odi kẹ́ ẹ máa bèèrè odi. Àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ, àárín oṣù kọkànlá sí ìkẹta, torí àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù á ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ rí igbó tó tutù yọ̀yọ̀ ńkọ́? Kó lọ lásìkò òjò ní tìẹ, ṣùgbọ́n kó gbé mọ́tò tó ga, kó má gbé bọ́ọ̀sì tèmi.

Ẹ má sì ro ti Ìbàdàn mọ́ ibòmíì. Ìyá kan wá bá wa pé òun fẹ́ lọ wo igbó ẹranko Serengeti ní Tàǹsáníà, oṣù kẹrin lòun fẹ́, torí họ́lídé Àjíǹde, ó ní òjò ò ṣáà tíì le nígbà yẹn. Níbí ni, mà! Lọ́dọ̀ tiwọn, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni òjò ńlá, ó tún ń rọ̀ díẹ̀ nínú oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ìgbà tó jẹ́ pé òjò ń lù wá pa níbí, láti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, ni ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Àwọn wildebeest, ẹran igbó kan tó dà bíi màlúù, tó lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀, òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé kiri. Lóṣù kejì wọ́n ń bímọ ní gúúsù lápá Ndutu, tó bá di nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹsàn-án wọ́n á máa sọdá odò Mara lápá àríwá, àwọn ọ̀nì á sì ti máa retí wọn. Ìyá yẹn ní sísọdá odò lòun rí nínú fídíò. Tó bá jẹ́ pé mo kàn gba owó ẹ̀ lóṣù kẹrin ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà ńbẹ̀ o, mi ò sì fẹ́ fi ṣeré. Àwọn oníwà ipá ti ń fara pamọ́ sínú igbó apá páàkì Kainji láti bí ọdún mélòó kan, mi ò mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ mọ́. Kódà fún tòsí, mo máa ń pe ọ́fíìsì páàkì tó wà ní Ìsokùn ní Ọ̀yọ́ kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní ká dúró, a dúró nìyẹn.

Réńjà àgbà yẹn ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ọmọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ni mò ń pè báyìí. Lọ́dún tó kọjá, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, mo ti ní èèyàn méjìlá nílẹ̀, ọ̀gá ti ń pariwo pé ká tètè gbéra. Mo pè é, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, odò ńkọ́?" Ó ní ó ṣì ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, òjò ọdún yẹn pẹ́ kó tó dá. Mo sún wọn síwájú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá bínú, ẹni méjì gba owó wọn padà. Àwọn mẹ́wàá tó lọ rí ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún létí adágún kan ṣoṣo, dírẹ́bà wa gan-an ló kà wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì.