Lọ́yà tó wá wádìí mi dé Ìwó

Ìgbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Hamburg ni mo mọ̀ pé òǹtẹ̀ Àbújá kò tíì tó lójú àwọn ará Jámánì. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn ní Nàìjíríà, wà lọ́wọ́ mi, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti lu òǹtẹ̀ sí i. Obìnrin tó gbà á ní Standesamt, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní Jámánì, yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní ó dáa, àmọ́ àwọn máa ní kí wọ́n lọ wádìí rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní Hague lọ́dún 1961, èyí tó bí òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní apostille. Bí ìlú méjèèjì bá wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ kan ti tó. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe tèmi. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn á ní kí ẹ́ḿbásì àwọn fọwọ́ sí i, ó parí. Jámánì ò ṣe ìyẹn fún ìwé Nàìjíríà mọ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá mọ Olúwọlé l'Ékòó, tí wọ́n mọ̀ sí ayédèrú ìwé, mọ ohun tí ojú ti rí.

Lọ́yà ni wọ́n ń rán. Kì í ṣe èmi ni mo lè bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ o, Standesamt ló ń kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì wọn, àmọ́ èmi ni mo sanwó. Lọ́yà dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi ní Ìwó, ó ní kí wọ́n ṣí rẹ́jístà. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá kanlẹ̀kùn bàbá mi: kí lorúkọ ọmọ yín, ọdún wo lẹ bí i, ṣé ó ti lọ́kọ rí? Bàbá rò pé gbájúẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ò bímọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀! Àbúrò mi ló sáré pè mí.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ dá wọn lóhùn, àwọn ará Jámánì níbí ló rán wọn."

"Ọjọ́ orí rẹ ni wọ́n ń bi mí. Ṣé ìwọ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Nítorí náà, ẹ ta ará ilé lólobó kí fáìlì yín tó kúrò ní Jámánì. Kí ẹ sì yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nílé, Fúnmiláyọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Funmi lórí ìwé ẹ̀rí WAEC, ẹni mẹ́ta ni lójú Standesamt. Ẹ lọ búra sílé ẹjọ́ kí wọ́n tó bi yín.

Ìwé wa ṣì gba Oberlandesgericht, ilé ẹjọ́ gíga wọn, kọjá, torí Nàìjíríà kì í fúnni ní irú ìwé tí Jámánì fi ń mọ̀ pé kò sóhun tó dí èèyàn lọ́wọ́ ìgbéyàwó. Ìyẹn yá. Ti Ìwó ló jẹ ọ̀pọ̀ oṣù.