Ibi tí abọ́ ń ro sí nínú motorhome: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ní Snake Pass, ọ̀nà orí òkè tí a ń gbà láti Manchester lọ sí Sheffield, ni agbọ̀n abọ́ àkọ́kọ́ mi, èyí tí a ń to abọ́ tí a fọ̀ sí kí omi lè ro kúrò lára wọn, ti já bọ́. Agbọ̀n onírin gidi ni, èyí tí mo ń lò nílé. Èrò mi ni pé ohun tó wúlò nílé á wúlò nínú motorhome náà, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń sùn tí a sì ń dáná nínú rẹ̀. Kò wọ inú síńkì ọkọ̀, mo bá gbé e lé orí rẹ̀, mo to abọ́ tí a fi jẹun àárọ̀ sínú rẹ̀, a sì gbéra. Ní kọ́nà kẹta ni mo gbọ́ gbàà lẹ́yìn mi. Kí ọkọ mi tó rí ibi dúró sí, àwo tánganran méjì ti fọ́ yángá, ẹsẹ̀ irin náà sì ti ha ilẹ̀kùn fíríìjì yánnayànna. Ìjókòó ọmọ mi kékeré kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Àyà mi já lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ agbọ̀n abọ́ mọ́.

Ẹni tó jẹ́ pé inú ilé nìkan ló ti ń fọ abọ́ lè má mọ bí àyè ṣe há tó. Síńkì wa rí róbótó bí ẹnu ìkòkò, sẹ̀ǹtímítà 36 ló fẹ̀. Sítóòfù gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdérí gíláàsì tó wà lórí àwọn méjèèjì yìí náà ni tábìlì ìdáná wa, torí náà tí mo bá ṣí wọn, ibi tí mo lè gbé ife kan lé á ṣòro rí. Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún wà níbẹ̀. Ní Britain, ẹni tó bá gba ìwé ìwakọ̀ mọ́tò lásán láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1997, irú motorhome tí a ní yìí kò gbọ́dọ̀ ju 3,500 kílò lọ fún un, ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ lápapọ̀. Èmi àti ọkọ mi wà lábẹ́ òfin yìí. Táńkì omi wa gba 100 lítà, 100 kílò nìyẹn, a ò tíì ka èèyàn mẹ́rin, gáàsì, gàrí àti iṣu. Agbọ̀n onírin yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì.

Èyí tí mo rà tẹ̀ lé e ni irú èyí tó ń ká pọ̀, ike nísàlẹ̀, rọ́bà silicone lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dára lójú. Tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń ká yẹn ni omi ọṣẹ àti èérún oúnjẹ máa ń sá pamọ́ sí, búrọ́ọ̀ṣì eyín ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Omi tó ro sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í lọ síbì kankan, àfi kí n gbé odindi agbọ̀n pẹ̀lú abọ́ inú rẹ̀ kí n tó lè dà á nù. Mo fún àǹtí mi kan ní Leeds, ó ń lò ó nílé rẹ̀ dòní, ó sì ń gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Aṣọ microfibre ni, aṣọ tó nípọn tó ń fa omi, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da ojú abọ́ dé lé e lórí. Kò wúwo, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, mo sì rò pé mo ti bọ́. Lọ́dọ̀ ìyá mi ní Abẹ́òkúta, bí a bá fọ abọ́ tán, a máa dojú wọn dé sínú agbọ̀n oníke lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé, oòrùn á sì gba iyókù ṣe. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ kanrangun. Láìmọ̀, oòrùn yẹn ni mo ṣì gbọ́kàn lé. A wa ọkọ̀ yí ká apá àríwá Scotland lọ́dún 2022, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní North Coast 500, tó bẹ̀rẹ̀ ní Inverness tó sì parí síbẹ̀, nǹkan bíi máìlì 516. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ò sì dá. Èémí èèyàn mẹ́rin, ooru ìkòkò àti ẹ̀wù òjò tó tutù, gbogbo rẹ̀ ló ń di omi lára fèrèsé kílẹ̀ tó mọ́. Aṣọ tí mo tẹ́ lálẹ́ ṣì tutù lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń rùn. Ìgbà tí mo ká a kúrò, mo rí i pé pákó etí síńkì ti wú, ohun tí wọ́n lẹ̀ bò ó sì ti ń ṣí. Mo fìka tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Pákó fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n máa ń fi ṣe inú ọkọ̀ wọ̀nyí, bí omi bá sì ti wọ inú rẹ̀, kì í padà sípò mọ́.

Ibùdó kan lórí òkè etíkun ní Durness la wà nígbà yẹn. Ìyá àgbà kan, ará Yorkshire, tí ọkọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, rí mi níbi tí mo ti ń fún aṣọ náà. Mo sọ fún un pé mò ń wá agbọ̀n abọ́ tó dára. Kò dárúkọ agbọ̀n kankan. Ó bi mí pé, "Tí ọkọ̀ bá ń lọ, ibo ló máa wà? Omi tó ń ro lára abọ́ ńkọ́, ibo ló ń gbà lọ?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ra agbọ̀n, iye abọ́ tó máa gbà nìkan ni mo ń wò.

Ohun tí òun ń lò ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi silicone bò, tí wọ́n tò léra bí igi ẹní tí wọ́n sì so pọ̀ létí méjèèjì. Ẹ ó tẹ́ ẹ dábùú ẹnu síńkì, ẹ ó to abọ́ lé e, omi á sì ro tààrà sínú síńkì tí ó yẹ kó lọ. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ ká a bí ẹní. Kí a tó délé mo ti ra tèmi, kò tó kílò kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹnu síńkì yín kí ẹ tó sanwó. Kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún gùn ju ẹnu síńkì lọ lápá kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìkòkò lé e, á yọ́ bọ́ sínú omi. Ẹ má fi tẹ́ orí ìdérí sítóòfù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ paná rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí sítóòfù tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, torí ooru lè mú kí gíláàsì yẹn fọ́ túútúú. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé tó bá ti bo síńkì, ibo la ti wá ń fọ abọ́? Ìdajì ni mo máa ń tú sílẹ̀, ìdajì yòókù á wà ní kíká létí síńkì, mo sì ń fi apá tó ṣí fọ abọ́. Kò ní ihò tí abọ́ lè dúró sí, torí náà mo máa ń fi wọ́n ti ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ro, mo nù wọ́n, mo kó wọn wọlé. Abọ́ tó bá sùn síta nínú motorhome, omi ara rẹ̀ kò ní kúrò nínú yàrá náà.

Fún àwa tí à ń jẹ ọbẹ̀ wa níbikíbi tí a bá dé, mo ní láti mẹ́nu ba epo pupa. Ẹ ra agbọ̀n aláwọ̀ dúdú. Epo á mú kí aláwọ̀ funfun tàbí eérú pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọṣẹ kì í sì í tètè ṣí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn máa ń mú un ṣá bí ẹ bá sá a síta. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ ni pé epo pupa máa ń dì nínú òtútù. Páìpù tó ń gbé omi síńkì lọ sí táńkì omi ìdọ̀tí lábẹ́ ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Lẹ́ẹ̀kan, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ọjọ́ méjì dí tiwa pa, omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sókè, gbogbo ohun tó wà lórí agbọ̀n sì di àtúnfọ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi bébà nu abọ́ dáadáa, mo sọ bébà náà sínú àpò ìdọ̀tí, kí omi tó kàn án.

Abọ́ wa náà ti dín kù. Àwo melamine (ike líle) mẹ́rin, abọ́ ọbẹ̀ mẹ́rin, ife mẹ́rin, ìkòkò méjì tó ń wọnú ara wọn. Ìgbà tí abọ́ dín kù ni agbọ̀n tó tó. Bí ibùdó tí a sùn sí bá ní ilé ìfọbọ́, bàsíà ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí lọ síbẹ̀, mo sì ń nù wọ́n gbẹ níbẹ̀ kí n tó padà. Omi wọn ni mo lò, táńkì omi ìdọ̀tí wa ò sì tètè kún.

Agbọ̀n wa báyìí, inú dúrọ́ọ̀ ṣíbí ló ń gbé, ní kíká, okùn rọ́bà kan ló dè é. A tún gba Snake Pass lóṣù tó kọjá. Ife tí mo ń kó ṣíbí sí nìkan ló ń dún lẹ́yìn, mo sì ti gé lára aṣọ microfibre ọjọ́sí yẹn, mo fi wé e.