Aṣọ Wo La Lè Fi Rán Hámọ́ọ̀kì Láì Náwó Púpọ̀?

Hámọ́ọ̀kì, ibùsùn aláṣọ tí a ń so rọ̀ sáàárín òpó méjì, kì í náni lówó púpọ̀ téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Aṣọ ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó lè gbé èèyàn dáadáa wà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta yáàdì kan, ìbú aṣọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n.

Ẹni tó ga tó mítà 1.75 nílò hámọ́ọ̀kì tó gùn ní mítà 3 lẹ́yìn rírán, tó sì fẹ̀ tó mítà 1.4 sí 1.5. Ìdí tó fi yẹ kó fẹ̀ ni pé a kì í sùn gbọọrọ láàárín rẹ̀. Orí á wà lápá kan, ẹsẹ̀ lápá kejì, ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn tó máa tẹ́. Nínú aṣọ tóóró, ẹ̀yìn á tẹ̀ kọrọdọ ṣáá ni. Yáàdì mẹ́ta àtààbọ̀, ìyẹn bíi mítà 3.2, ti tó, torí ṣíṣẹ́ orí méjèèjì á jẹ nínú rẹ̀. Aṣọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 115 péré lè jọ ohun tó pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ máa ní láti rán méjì pọ̀. Owó á di ìlọ́po méjì, ojú rírán á sì wà láàárín gan-an, níbi tí ara ti ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ jù.

Ní ti irú aṣọ, pọlísítà tí wọ́n hun pinpin, irú èyí tí wọ́n fi ń bo tábìlì níbi àpèjẹ tàbí tí wọ́n fi ń ṣe inú kóòtù, ni ká kọ́kọ́ wá. Kì í nà púpọ̀, omi kì í dúró sára rẹ̀, ó sì ń fara da oòrùn ju náílọ́ọ̀nù lọ. Náílọ́ọ̀nù máa ń rọ̀ lára ju pọlísítà lọ, ṣùgbọ́n tí ìrì bá sẹ̀ sí i, á tún nà sí i, ẹni tó sùn lókè lálẹ́ sì lè rí i pé òun ti sún mọ́ ilẹ̀ láàárọ̀. Bí ẹ bá rí ripstop oní-náílọ́ọ̀nù (aṣọ tí wọ́n fi òwú tó nípọn hun bí àpótí kéékèèké sára rẹ̀, kó má bàa tètè ya) tó wúwo tó gíráàmù 65 fún mítà kan níbùú lóròó, tí wọ́n dínwó rẹ̀ torí pé àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ rà á. Àbùkù àwọ̀ kò dín agbára aṣọ kù. Ihò ló ń dín in kù.

Kánfáàsì olówùú, tó máa ń tó gíráàmù 250 sí 300, tutù lára, ó sì dára fún abẹ́ òrùlé. Tó bá wà níta, òjò á rin ín, kò ní tètè gbẹ, èébu á sì jẹ ẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, torí ó máa ń sún kì. Aṣọ tí ń nà bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì kò wúlò rárá. Tapólì àti aṣọ agbòjò kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, òógùn á bo ẹni tó sùn sínú rẹ̀. Ẹ má sì lo bẹ́díṣíìtì àlòkù. Àárín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó, àárín yẹn náà ni ìdí yóò wà.

Níwájú ọlọ́jà, ẹ na aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá ojú òwú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó yẹ kó gba òdìkejì kọjá díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ojú kan, kí ẹ fà á sọ́tùn-ún sósì gidigidi. Bí òwú bá là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò sì padà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, torí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ojú rírán nìyẹn. Bí òṣùwọ̀n bá wà nítòsí, mítà 3 aṣọ tó fẹ̀ ní mítà 1.5 yẹ kó wúwo tó gíráàmù 300 tàbí díẹ̀ sí i fún pọlísítà fẹ́lẹ́. Kánfáàsì máa ń lé ní kílò kan.

Tí ẹ bá fẹ́ rán an, òwú tó gba òró lọ, èyí tó bá etí aṣọ rìn, ni kó gba gígùn hámọ́ọ̀kì. Ẹ ṣẹ́ orí kọ̀ọ̀kan po lẹ́ẹ̀mejì ní sẹ̀ntímítà 3, kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì rán an ní ìlà mẹ́ta. Òwú pọlísítà ni kí ẹ lò. Abẹ́rẹ́ 80 ló bá aṣọ fẹ́lẹ́ mu, 100 fún kánfáàsì. Kí ìgúnlẹ̀ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jìnnà síra ní mìlímítà 3. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ihò abẹ́rẹ́ á tò tẹ̀lé ara wọn, ibẹ̀ ni aṣọ á sì ti ya.

Ọ̀pọ̀ aṣọ ló ya tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí okùn bá dagun ní dígírì 30 sí ilẹ̀, ẹni tó wúwo ní kílò 80 á máa fa orí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára kílò 80. Bí wọ́n bá fa okùn náà le títí ó fi ku dígírì 15, agbára yẹn á di nǹkan bíi kílò 155. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀, ẹ so ó rọ̀ kó má ga ju orúnkún lọ, níbi tí kò sí òkúta nísàlẹ̀. Ẹ di iyanrìn tó wúwo ju ẹni tó máa sùn ún lọ sínú àpò, ẹ kó o sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì yẹ ihò abẹ́rẹ́ wò. Bí wọ́n bá ti fẹ̀ sí i, ẹ tú ojú rírán náà, ẹ kó orí aṣọ náà jọ, kí ẹ sì fi okùn dì í pinpin dípò rírán.