Kàlẹ́ńdà wo? Ẹ̀kọ́ tí ọjọ́ ìbí Newton kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ dójú tì mí nínú iṣẹ́ yìí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọdún tí Galileo kú gan-an ni wọ́n bí Newton, àfi bí ìgbà tí bàbá fi ipò sílẹ̀ fún ọmọ. Olùkọ́ tí ó ń tọ́ mi sọ́nà fi gègé pupa fàlà sí i nídìí, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Kàlẹ́ńdà wo?"

Mo rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí i pé ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1642 tí Galileo kú ní Arcetri, lẹ́bàá Florence, jẹ́ ti kàlẹ́ńdà tí Póòpù Gregory gbé jáde ní 1582, ṣùgbọ́n ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1642 tí wọ́n bí Newton jẹ́ ti kàlẹ́ńdà Julian, ti àtijọ́, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fi sílẹ̀, tí ó sì fi ọjọ́ 10 wà lẹ́yìn. Bí a bá fi ti Gregory ka ọjọ́ àwọn méjèèjì, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1643 ni wọ́n bí Newton. Bí a bá sì fi ti Julian kà á, ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1641 ni Galileo kú. Kò sí bí ọdún wọn ṣe lè bá ara mu, àfi bí a bá fi òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ̀n wọ́n. Òkúta ìrántí Newton ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní London pàápàá kọ ọ́ pé 1726 ni ó kú, nígbà tí ìwé ń sọ pé 1727, nítorí ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun nígbà náà, ọjọ́ 20 oṣù náà ni ó sì kú.

Ti ayé àtijọ́ tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀, nítorí kò sí ọdún òdo láàárín ọdún 1 ṣáájú ìbí Kristi àti ọdún 1 lẹ́yìn rẹ̀. Bí Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì, bá kú ní 212 ṣáájú ìbí Kristi, 2039 ni ikú rẹ̀ yóò pé 2,250 ọdún, kì í ṣe 2038.

Èmi kò ní kí ẹ má ṣe ìrántí o, ṣùgbọ́n ẹ yan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ dájú. Ìtàn èso ápù tí ó já bọ́, tí Newton fi ronú kan òòfà ilẹ̀, ni kò ní ọjọ́ kankan: ẹnu Newton fúnra rẹ̀ ni Stukeley ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ ọ ní 1726, nígbà tí Newton ti di arúgbó ẹni ọdún 83, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti tó 60 ọdún sẹ́yìn. Ẹ wá fi ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1843 wé e, nígbà tí Hamilton, onímọ̀ ìṣirò ará Ireland, ń bá ìyàwó rẹ̀ rìn lọ ní Dublin, tí ìlànà quaternion (irú nọ́ńbà tí ó ní apá mẹ́rin) là sí i lọ́kàn lójijì, tí ó sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sára òkúta afárá. Ohun tí ó gbẹ́ ti pa rẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó kọ lẹ́tà sí John Graves ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibẹ̀, ó sì kọ déètì sí i.