Ìwé Ìwọ̀n Mi Ti Kún: Àyẹ̀wò Ọdún 2024

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà mi kún lánàá, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún parí. Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Mo jókòó tì í, mo ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, mo ní kí n wo ohun tí a rán lọ́dún yìí.

Aṣọ tuntun ò pọ̀. Àtúnṣe ló kún ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí èèyàn bá gbé aṣọ àtijọ́ wá, kí n tú u sílẹ̀ ló máa ń fẹ́, torí ara ti gba ẹran. Lọ́dún yìí, "Ẹ bá mi dín in" ni gbogbo wọn ń wí. Mo ka aṣọ mọ́kànlélógójì tí mo dín. Èyí tí mo tú sílẹ̀ ò pé mẹ́wàá. Kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún mi lórí rédíò pé oúnjẹ wọ́n. Tépù mi ti sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bú gbàù ní Bódìjà. Ọ̀dọ̀ wa jìnnà síbẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ fèrèsé gbọ̀n, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi. Gómìnà wá sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ni. Sínú ilé, láàárín èèyàn!

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá fóònù sùn. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kí n má mọ̀, bí ẹni pé tí mo bá tètè mọ̀, mo lè dá a dúró. Dọ́là gbéra, mo mọ̀. Iná ìjọba dákú jákèjádò orílẹ̀-èdè, ó jí, ó tún dákú, mo mọ̀. Tí wọ́n bá jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà tí mi ò gbà rí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa.

Oṣù karùn-ún ni orí fífọ́ gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 158 lórí 96. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò, ọmọ tí mo lè bí ni. Mo rò pé iyọ̀ ló máa bá mi sọ.

"Màámi, aago mélòó lẹ sùn lánàá?"

"Aago méjì."

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń ka ìròyìn."

Ó wò mí títí. "Ṣé wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún yín ni?"

Inú bí mi. Ìgbà tí mo wọ mícrà, tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ni ẹ̀rín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí.

Mo ń lo oògùn mi. Fóònù sì ń sun inú kẹ́ẹ̀gì ìrẹsì ní kíṣìnì, tó jẹ́ pé òfìfo ló sábà máa ń wà náà. Mo gbin ewédú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mẹ́rin. Ewúrẹ́ onílé jẹ ti àkọ́kọ́, àwa jẹ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Lóṣù kẹjọ tí àwọn ọ̀dọ́ jáde síta nítorí ebi, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sùn lọ́sàn-án. Ó ti pé ọdún mélòó tí mo ṣe irú ẹ̀!

Ṣùgbọ́n ohun tó bá mi lára mu jù, ọ̀wọ́n epo ló mú un wá. Nígbà tí lítà kan kọjá 1,000 náírà lóṣù kẹwàá, èmi àti télọ̀ méjì ládùúgbò kó máṣíìnì wa sínú ṣọ́ọ̀bù kan, a ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Ìbejì, ń korin, ohùn rẹ̀ ò dáa rárá. Télọ̀ kejì ń ṣe bí ìyá ìyàwó tó ń yẹ aṣọ ẹbí wò. A máa ń rẹ́rìn-ín débi tí ọwọ́ wa ò fi dúró lórí aṣọ. Ní ìjẹta, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 134 lórí 84.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 18 oṣù yìí, nígbà tí ọmọdé márùndínlógójì kú nígbà tí èrò ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi àríyá àwọn ọmọdé ní Báṣọ̀run, mo lọ yọ fóònù nínú kẹ́ẹ̀gì. Mi ò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀: àwọn alẹ́ kan wà tí oorun ò yẹni. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ Kérésì ọmọdé mẹ́sàn-án ń rọ̀ lórí okùn ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ mi ló dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé bọ́tìnnì wọn, láìsọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bá a jókòó.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ló kù. Obìnrin kan gbé áńkárá ọ̀pá mẹ́fà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ ìkómọ ni. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ní yóò bímọ. Mo na tépù, ó kọ̀. Ó ní ara tóun wà yìí kọ́ ni yóò wọ̀ ọ́, kí n dúró dìgbà tóun bá sọ̀ tán. Ó san ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀, ó ní kí n má tíì sọ fẹ́nikẹ́ni (ẹ̀yin náà, ẹ má bá wa sọ ọ́ o). Mo kọ orúkọ rẹ̀. Àyà, mo fi sílẹ̀. Ìbàdí, mo fi sílẹ̀. Gígùn apá nìkan ló jẹ́ kí n wọ̀n.