Èmi, Bramble àti Kéèkì Victoria ní Wensleydale

Ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Leeds lọ sí Carlisle, kó má sùn. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Settle, òkè á máa ga sí i, ilé á máa dín kù, títí ẹ ó fi gun afárá Ribblehead, afárá olókùúta tó ní ojú 24. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ihò Blea Moor, lẹ́yìn ihò ni Dent, lẹ́yìn Dent ni Garsdale. Garsdale ni mo sọ̀kalẹ̀.

Ajá ló kọ́kọ́ pàdé mi níbẹ̀. Ère ni, ó jókòó síbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ruswarp lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ojú irin yìí pa ní àwọn ọdún 1980, Graham Nuttall tó ni ajá náà wà lára àwọn tó dìde pé àwọn ò gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú, Ruswarp náà sì tẹ àtẹ́sẹ̀ tirẹ̀ sí i. Wọ́n gbà á wọlé, nítorí òun náà ń san owó ọkọ̀. Lọ́dún 1989, ìjọba ní kí ojú irin náà máa ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1990, Nuttall àti ajá rẹ̀ lọ rìn lórí òkè ní Wales, wọn ò padà wálé. Ọ̀sẹ̀ 11 kọjá kí wọ́n tó rí òkú ọkùnrin náà lẹ́bàá odò kan, Ruswarp sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá ọdún 14, nínú òtútù yẹn! Ó bá wọn dé ibi ìsìnkú kí òun náà tó kú. Mo sọ báàgì mi kalẹ̀, mo kí i dáadáa kí n tó wá bọ́ọ̀sì lọ sí Hawes, ìlú kékeré kan ní àfonífojì Wensleydale.

Ọ̀rọ̀ ajá ló gbé èmi náà débẹ̀. Màmá kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Leeds kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Hawes. Ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Scotland, àwọn àti bàbá sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n bi mí bóyá mo lè wá bá wọn dúró ti ilé, kí n máa tọ́jú Bramble, ajá wọn. Wọ́n fi kún un pé ìpàtẹ abúlé, níbi tí wọ́n ti ń fi kéèkì àti irè oko díje, bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, àti pé ófùn àwọn dára. Wọ́n ti jẹ kéèkì mi rí, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Springer spaniel ni Bramble, abo, funfun tó ní àbàwọ́n aláwọ̀ ẹ̀dọ̀, etí rẹ̀ gùn kọjá àgbọ̀n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òṣogbo, Bíńgò ni gbogbo ajá tí mo mọ̀ ń jẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń sùn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbó olè. Ti irú ajá yìí yàtọ̀. Àwọn ọdẹ ló ń sìn ín kó lè máa wọ inú igbó lọ lé ẹyẹ jáde. Kò sí ọdẹ nínú ilé wọn, àmọ́ iṣẹ́ ọdẹ ṣì wà lára ajá. Imú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀, ìrù rẹ̀ kì í sinmi. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ fi wákàtí 2 rìn kó sì sáré lójúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, tiyín náà ò sì ní balẹ̀.

Màmá fi fèrè kékeré kan lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Bí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan tó gùn, kó dúró ni. Bí mo bá fọn ọ́n ní kúkúrú léraléra, kó máa bọ̀ ni. Àwọn àgbà wa ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, nítorí náà mo fẹ́ mọ irú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Nínú pápá tó wà lẹ́yìn ilé, ó ti jìnnà débi pé ìrù nìkan ni mo ń rí lókè koríko. Mo fọn fèrè. Ìrù dúró gbagidi. Orí yọ, etí kan ti yí padà, awọ inú rẹ̀ hàn pupa. Mo wá fọn ọ́n léraléra, ló bá sáré bọ̀, ìrì ń ta sọ́tùn-ún sósì. Yorùbá ni mo fi yìn ín, ó sì gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ibi tí àgùntàn bá wà, okùn ni o. Àgùntàn Swaledale ló kún àwọn òkè yẹn, ojú wọn dúdú, imú wọn funfun, àtakọ àtabo ló ń hùwo. Láti ọdún 1953 ni òfin ti wà pé ajá ò gbọ́dọ̀ dààmú ẹran ọ̀sìn, àgbẹ̀ sì lè yìnbọn pa ajá tó bá ká mọ́ ẹran rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú ajá lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ó mọ́wọ́, kódà bó jẹ́ ajá tó gbọ́ràn jù lọ láyé.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ìkíni. Mo ti dá rìn ní irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ rí, ojú lásán ni wọ́n fi ń sìn mí dé òpin òpópónà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú Bramble dání, gbogbo èèyàn ló ń dúró. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, lórúkọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wọ́n á fọwọ́ pa á létí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á gbójú sókè bi mí pé ṣé màmá ti gúnlẹ̀, ṣé ọkùnrin lọmọ àbí obìnrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi orúkọ tèmi kí mi, bí ẹnu wọn ṣe lè pè é mọ.

Bàbá kan wà tó ń tún ògiri oko ṣe lójú ọ̀nà tí a máa ń gbà. Ògiri wọn níbẹ̀ kì í ní sìmẹ́ǹtì rárá: wọ́n á to òkúta ńlá sápá méjèèjì, wọ́n á fi wẹ́wẹ́ dí àárín, wọ́n á sì fi òkúta gígùn dá a bú kí apá méjèèjì lè di ara wọn mú. Bí bàbá bá ti gbé òkúta kan, wọn kì í gbé e sílẹ̀ mọ́, wọ́n á yí i lọ́wọ́ títí wọ́n á fi rí ààyè rẹ̀. Bramble á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ibi kan ṣoṣo tó ti ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ gbé kéèkì lọ síbi ìpàtẹ, ni wọ́n bá ní kí n má jẹ́ kí wáyà tí wọ́n ń tẹ́ kéèkì sí fi ìlà sára rẹ̀, pé adájọ́ máa rí i. Ìyàwó wọn tó ti di olóògbé ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ìwé ètò ìpàtẹ náà tẹ́ẹ́rẹ́, òfin inú rẹ̀ le. Àlùbọ́sà 3 tó dọ́gba, jáàmù onígò, òdòdó, àwòrán ọmọdé. Lórí kéèkì Victoria, ìyẹn kéèkì méjì tí a gbé léra, wọ́n ní jáàmù raspberry nìkan ni kó wà láàárín, ṣúgà kúnná díẹ̀ lókè, kò sí kíríìmù, kò sí áísìnì. Kéèkì onínọ́tímẹ̀gì tí a fi áísìnì bò láti òkè délẹ̀ ni mo mọ̀ láti ilé. Nígbà tí mo ka òfin yẹn, mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: kéèkì náà ò ní ohun tó máa fi bo ara.

Ẹyin 4 ni mo kọ́kọ́ gbé sórí ìwọ̀n pẹ̀lú èèpo wọn. Iye tí wọ́n bá wọ̀n ni bọ́tà, òun ni ṣúgà, òun ni fulawà. Mo po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí ó fi funfun, mo ń fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa yapa. Béékìn páúdà tí mo fi sí i, Alfred Bird, apòògùn kan ní Birmingham, ló ṣe é lọ́dún 1843, torí pé ìyàwó rẹ̀ ò lè jẹ ohun tí ìwúkàrà bá wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 nínú ófùn, lórí ooru 180. Ní gbogbo àkókò yẹn, Bramble wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, imú rẹ̀ há sábẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa òórùn bọ́tà símú. Mo tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí wáyà kí n tó da kéèkì lé e.

Mo tún ṣe kéèkì eléso, èyí tí àwọn ará Yorkshire máa ń fi wàràkàṣì Wensleydale jẹ, Hawes gan-an ni wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì ọ̀hún. Èyí gba ìṣọ́ra. Èso àjàrà gbígbẹ máa ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, díẹ̀ lè pa á. Nítorí náà alẹ́ ni mo ṣe é, nígbà tí Bramble ti sùn lókè, mo sì kúnlẹ̀ gbá ilẹ̀ ilé ìdáná tọwọ́tọwọ́, títí dé abẹ́ fíríìjì. Ṣokoléètì náà burú fún ajá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń bá yín ṣọ́ ajá mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, àárọ̀ ni gbogbo wa gbé nǹkan wa wọ inú àgọ́ ńlá, wọ́n sì ní ká jáde kí àwọn adájọ́ lè ṣiṣẹ́ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ Women's Institute, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ni adájọ́ kéèkì. Kánádà ni ẹgbẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1897, kó tó gba Wales wọ Bìrìtìkó lọ́dún 1915, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún kì í sì í fi kéèkì ṣeré. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa lọ́sàn-án, káàdì aláwọ̀ búlúù wà níwájú kéèkì Victoria mi, ipò kejì. Adájọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yan dọ́gba, pé jáàmù lè pọ̀ díẹ̀ sí i. Mo tọ́ èyí tó gba ipò kìíní wò, ó tọ́ sí i. Bramble náà wọ ìdíje ajá tí adájọ́ ì bá fẹ́ mú lọ sílé, ó fò mọ́ adájọ́ láyà, kò gba nǹkan kan, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n lu gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù ní gbàǹjo, owó rẹ̀ máa lọ sórí òrùlé gbọ̀ngàn abúlé. Bàbá elógiri ló ra kéèkì mi tó ti ní ojú ọ̀bẹ lára, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí wọn. Mo lọ bá akọ̀wé, mo bi í pé lọ́dún tó ń bọ̀ ṣé búrẹ́dì Agége lè wọ ìdíje búrẹ́dì funfun. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á, ó ní bó bá ti jẹ́ pé ilé la ti yan án, kí n gbé e wá. Màmá náà ti ní kí n tọ́jú ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀, torí ọmọ-ọmọ wọn máa pé ọdún kan.